Ìkòkò Tí Kò Lóhùn

"Wá wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ," ni Ìyá Àgbà wí, wọ́n sì gbé ìkòkò náà sókè níwájú fèrèsé ilé ìdáná. Ìmọ́lẹ̀ gba ihò kékeré kan wọlé nísàlẹ̀ rẹ̀. Ìyá Àgbà kò rí ìmọ́lẹ̀ náà. Omi tó ń kán sí wọn lẹ́sẹ̀ ni wọ́n fi mọ̀ pé ìkòkò ti lu.

"Ìyá Àgbà, èmi kọ́," ni Pẹ́ńsùlù dáhùn. "Ìkòkò yìí ti wà kí wọ́n tó bí mi."

"Àbí ìwọ kọ́ lo ń fi irin ha á bí ẹni tó ń ha ògiri?"

"Ẹ̀yin lẹ ní kó máa dán."

"Mo ní kó mọ́. Mi ò ní kó dán. Kí ni mo fẹ́ fi dídán ṣe?"

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Pẹ́ńsùlù. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn nítorí pé ó ga, ó sì tín-ín-rín, orúkọ náà sì tẹ̀lé e wálé. Ìyá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní ìlú mìíràn, ìparí oṣù nìkan ló máa ń wálé. Yàrá kan náà ni òun àti Ìyá Àgbà, ìyá bàbá rẹ̀, jọ ń sùn, ibẹ̀ sì ni ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Bí Pẹ́ńsùlù bá tan iná láti kàwé, Ìyá Àgbà á ní gílóòbù náà ń gbóná sí òun lórí. Bí ó bá kàwé sókè, wọ́n á ní ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ibà ń ṣe. Bí ilẹ̀ bá sì ń mọ́ bọ̀, Ìyá Àgbà á dìde jókòó, wọ́n á máa kọ orin ìyìn pẹ̀lú gbogbo ẹsẹ rẹ̀, bí wọ́n bá sì gbàgbé ẹsẹ kan, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Ìdánwò àṣekágbá sì ti ń sún mọ́lé.

Bàbá Pẹ́ńsùlù yọ lẹ́nu ọ̀nà. Télọ̀ ni, ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú ilé ló ti ń ránṣọ. Téèpù ìwọ̀n aṣọ wà lọ́rùn rẹ̀.

"Ẹ̀yin méjèèjì, àwọn oníbàárà mi ń gbọ́ ohùn yín níta. Pẹ́ńsùlù, lọ ra ìkòkò mìíràn. Kó má wọ́n, ṣùgbọ́n kó jẹ́ èyí tí a lè máa lò lójoojúmọ́." Ó wá yíjú sí ìyá rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀. "Ìyá mi, ẹ rántí ohun tí mo sọ. Bí oúnjẹ bá tún jóná nínú ilé yìí, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ni n ó mú yín lọ. Kì í ṣe pé mo ń bínú. Ẹ̀rù ló ń bà mí."

"Lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ, wọn kì í jẹ́ kí n ṣan ife. Gèlè gan-an, wọ́n á bá mi wé e bí ọmọlangidi."

"Wọ́n fẹ́ kí ẹ sinmi ni."

"Ṣé mo sọ fún ẹnikẹ́ni pé ó rẹ̀ mí?"

Bàbá pa dà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Ó mọ̀ pé ojú ìyá òun ń ṣe bàìbàì. Kò mọ̀ pé ojú náà ti ṣókùnkùn pátápátá. Pẹ́ńsùlù nìkan ló mọ̀. Ó ti gbé ife omi síwájú Ìyá Àgbà rí, ó sì rí i bí ọwọ́ wọn ṣe ń wá ife náà kiri lórí tábìlì bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́. Ìyá Àgbà di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú lọ́jọ́ náà, wọ́n ní, "Ọ̀rọ̀ yìí kò gbọdọ̀ dé etí bàbá rẹ. Láàrin èmi pẹ̀lú rẹ ni." Pẹ́ńsùlù sì ṣèlérí.

Láti ìgbà náà ló ti mọ bí Ìyá Àgbà ṣe ń dáná. Etí ni wọ́n fi ń se oúnjẹ. Bí omi bá hó, ìdérí ìkòkò á máa jó, á máa pariwo. Bí omi bá ń gbẹ, ariwo náà á yí pa dà, á wá dákẹ́. Ìyá Àgbà lè jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, kí wọ́n máa ṣa ẹ̀wà, kí wọ́n sì mọ gbogbo ohun tó ń lọ lórí iná. Ìrẹsì tó jóná láìpẹ́ yìí, ọjọ́ tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ wó ògiri ilé kejì ni. Kò sẹ́ni tó lè gbọ́ nǹkan kan lọ́jọ́ náà.

Bí Pẹ́ńsùlù ṣe ń jáde lọ, Ìyá Àgbà tọ̀ ọ́ dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n sì rẹ ohùn wọn sílẹ̀.

"Tẹ́tí sí mi. Etí méjì kúkúrú ni kó ní. Má ra ọlọ́wọ́ gígùn, á máa kọ́ mi láṣọ. Ìdérí páànù ni kó ní, kó sì máa mì lórí ẹ̀. Mì í wò kí o gbọ́. Èyí tí ìdérí ẹ̀ kò bá pariwo, má gbé e wá fún mi."

"Mo ti gbọ́, Ìyá Àgbà."

"O gbọ́, o gbọ́. Bó o ṣe máa ń gbọ́ náà nìyẹn."

Inú ń bí Pẹ́ńsùlù títí ó fi dé ìsọ̀ ìkòkò. Ọkùnrin tó ni ìsọ̀ náà jókòó sáàárín ọjà rẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, ojú rẹ̀ sì le.

"Má fọwọ́ kan ibẹ̀ yẹn bí o kò bá ní rà á."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, báwo ni mo ṣe fẹ́ rà á láì fọwọ́ kàn án?"

"Ojú ni wọ́n fi ń wo nǹkan. Ojú tìẹ ń ṣiṣẹ́, àbí kò ṣiṣẹ́?"

Nígbà tó gbọ́ pé owó ọwọ́ rẹ̀ kò pọ̀, ó gbé ìkòkò mẹ́ta kalẹ̀ lórí tábìlì bí ẹni tí wọ́n fipá mú. Èkíní ló pọ́ọ́kú jù, ó sì ń dán yanranyanran. Pẹ́ńsùlù fi àtàǹpàkò tẹ ìdí rẹ̀, ìdí náà sì wọ inú.

"Mi ò ní purọ́ fún ẹ," ni ọkùnrin náà wí. "Bí ẹ bá ń fi èyí se omi tíì nìkan, ó lè bá yín kalẹ́. Bí ẹ bá fi se ẹ̀wà, ẹ ó pa dà wá bú mi."

Èkejì rí bí eérú. Kò lẹ́wà rárá. Ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ nípọn, ó tẹ́jú, ìṣó gidi sì ni wọ́n fi kan etí rẹ̀ méjèèjì mọ́ ọn lára. Pẹ́ńsùlù mì í. Ìdérí páànù orí rẹ̀ pariwo gidi.

"Ìdérí yẹn kò bá a mu dáadáa," ni ọkùnrin náà wí. "Òun ló jẹ́ kí owó ẹ̀ wálẹ̀."

Ẹ̀kẹta, iye kan náà ni wọ́n ń ta òun àti èkejì. Ìdí rẹ̀ nípọn bákan náà, ṣùgbọ́n ọwọ́ gígùn kan ló ní, dígí sì ni ìdérí rẹ̀, pẹ̀lú rọ́bà yí etí rẹ̀ ká. Pẹ́ńsùlù mì í. Kò dún. Ó tún mì í. Ó dákẹ́ bí ẹni tó ń sùn.

"Ta ló ń dáná nílé yín?" ni ọkùnrin náà bi í.

Pẹ́ńsùlù wo ìkòkò méjèèjì. Ó rántí yàrá náà. Ó rí i lọ́kàn rẹ̀ bí yóò ṣe rí bí ibùsùn kejì bá ṣófo, tí tábìlì jẹ́ tirẹ̀, tí iná ń tàn títí tó bá wù ú, tí kò sì sẹ́ni tó ń bú u láàárọ̀ kùtùkùtù. Oúnjẹ kan ṣoṣo tó bá tún jóná ló kù.

"Èmi ni," ló dáhùn.

"Mú eléyìí nígbà náà. Wàá máa rí omi láì ṣí i."

Ìdẹwò kì í fìgbà gbogbo wá pẹ̀lú ohun burúkú lọ́wọ́. Ìkòkò dáradára ni. Kò wọ́n. Ẹnikẹ́ni tó bá rí i á yìn ín. Pẹ́ńsùlù sanwó, ó sì gbé e lọ sílé.

Bàbá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó yí i síwá sẹ́yìn. "Ìwọ náà mọ nǹkan rà. Ìyá mi, ẹ wò ó. Dígí ni ìdérí ẹ̀."

Ìyá Àgbà gba ìkòkò náà. Wọ́n fi ìka tọ etí rẹ̀ yí ká, wọ́n kan rọ́bà, wọ́n fi èékánná gbá dígí náà. Ìka wọn dé ọwọ́ gígùn náà, ó sì dúró síbẹ̀.

"Ẹ ò ní máa ṣí i mọ́," ni Bàbá wí. "Ẹ ó kàn máa wò ó. Àbí kò tẹ́ yín lọ́rùn? Kó lọ pààrọ̀ ẹ̀?"

Kí ni Ìyá Àgbà yóò sọ? Bí wọ́n bá sọ ìdí tí ìkòkò náà kò fi dára, wọ́n ti sọ ohun tí wọ́n ń fi pa mọ́ nìyẹn. Pẹ́ńsùlù mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tó ti rò tẹ́lẹ̀ ní ìsọ̀ gan-an ni.

Ìyá Àgbà kọjú sí ibi tí ọmọ náà dúró sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èjìká rẹ̀ ni ojú wọn bọ́ sí. "Ó tẹ́ mi lọ́rùn," ni wọ́n wí.

Nígbà tí ẹ̀rọ ìránṣọ tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún níta, wọ́n ní, "Ibi tó ń dùn mí lo mọ̀. Ibẹ̀ náà lo tẹ̀."

"Ìkòkò ni wọ́n ní kí n rà. Ìkòkò ni mo rà."

"Ó dáa. Jáde nílé ìdáná mi."

Láti ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ kò wọ̀ mọ́ láàrin àwọn méjèèjì. Ìyá Àgbà kò bú Pẹ́ńsùlù mọ́ bí wọ́n ṣe máa ń bú u, èyí sì burú ju èébú lọ. Wọ́n á gbé oúnjẹ rẹ̀ sórí tábìlì pẹ̀lú ìró, wọ́n á sì lọ. Wọ́n ń se oúnjẹ láì dé e, wọ́n ń dúró tì í bí ẹni tó ń ṣọ́ olè, wọ́n ń na àtẹ́lẹwọ́ sókè orí ìkòkò láti mọ bí ooru ṣe ń jáde. Bí Pẹ́ńsùlù bá yọjú, wọ́n á ní, "Kí lo gbàgbé síbí?"

"Mo fẹ́ bu omi ni."

"Bu ú kí o máa lọ. Ìwé ń dúró dè ẹ́."

Bàbá ni kò jẹ́ kí ọgbọ́n náà pẹ́. Ó ṣàkíyèsí pé gáàsì tètè ń tán. "Ìyá mi, ẹ máa dé ìkòkò yìí. Kí ni ìdérí wà fún?"

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, Ìyá Àgbà gbé ẹ̀wà kaná, wọ́n sì dé e. Bàbá wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń ran aṣọ iléèwé. Pẹ́ńsùlù wà ní yàrá, ìwé ṣí sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, òórùn kan wọlé. Kò tíì jẹ́ òórùn oúnjẹ tó jóná. Ó jẹ́ òórùn oúnjẹ tí omi rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ tán, tó ṣì ṣeé gbà sílẹ̀.

Pẹ́ńsùlù gbé orí sókè. Ìṣísẹ̀ díẹ̀ ni kí ó gbé, kí ó pa iná náà, kí ọ̀rọ̀ parí. Ó tún ka ìlà tó ti kà tẹ́lẹ̀. Jẹ́ kí Bàbá gbóòórùn ẹ̀ fúnra wọn, ló wí lọ́kàn rẹ̀. Kò dìde.

Ìgbà náà ni nǹkan kan dún gbàmù ní ilé ìdáná. Dígí fọ́. Ìyá Àgbà kò kígbe. Ohùn kúkúrú kan ló jáde lẹ́nu wọn, bí ohùn ẹni tí wọ́n gbá láyà.

Pẹ́ńsùlù àti Bàbá jọ dé ẹnu ọ̀nà ni. Ìkòkò wà nílẹ̀, ó dojú bolẹ̀. Ẹ̀wà gbígbóná àti àfọ́kù dígí ti kún ilẹ̀. Ìyá Àgbà ti gbóòórùn iná, wọ́n yára wá pa á, ọwọ́ gígùn ìkòkò náà sì kọ́ wọn ní apá aṣọ. Wọ́n di ọrùn ọwọ́ wọn òsì mú, ó ti pọ́n, awọ ibẹ̀ sì ti ń wú. Wọn kò wọ bàtà.

"Ìyá mi, ẹ má gbẹ́sẹ̀," ni Bàbá wí. "Dígí wà níwájú yín. Ẹ ò rí i ni?"

"Níbo?" ni Ìyá Àgbà béèrè.

Ọ̀rọ̀ kan péré ni. Bàbá dúró. Ó na ọwọ́, ó jù ú síwá sẹ́yìn níwájú ojú ìyá rẹ̀. Ojú náà kò ṣẹ́. Ó rọra rìn gba àárín àfọ́kù náà kọjá, ó sì gbé ìyá rẹ̀ bí ẹní gbé ọmọdé.

"Ó ti tó ìgbà wo?"

"Ó ti pẹ́."

Ní ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì fi oògùn sí ọwọ́ náà, ó sì fi báńdéèjì dì í. Kí wọ́n tó pa dà délé, Bàbá ti pinnu. Ọjọ́ Sátidé ni ìyá rẹ̀ yóò kó lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ìyá Àgbà kò bẹ̀bẹ̀. Wọ́n jókòó sórí ibùsùn, wọ́n ń fi ọwọ́ kan ṣoṣo ká aṣọ wọn, wọ́n ń fọwọ́ pa ọ̀kọ̀ọ̀kan láti mọ èyí tó jẹ́.

"Yàrá ti di tìẹ," ni wọ́n wí nígbà tí wọ́n gbọ́ ẹsẹ̀ Pẹ́ńsùlù. "Tan gbogbo iná tó bá wù ẹ́."

"Ìyá Àgbà..."

"Má pè mí."

Pẹ́ńsùlù dúró ti ògiri. Ohun tó ń fẹ́ ló rí gbà yìí, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kò dùn sí i. "Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún Bàbá pé mo mọ̀ọ́mọ̀ rà á ni?"

"Kí n sọ ọ́ kí ó lù ẹ́? Èmi ni mo wẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bí ẹ. Ìtìjú rẹ, tèmi náà ni. Má rò pé torí mo fẹ́ràn ẹ ni o. Inú ẹ ń bí mi débi pé n kò lè gbàdúrà dáadáa láti ọjọ́ tí o ti ra ìkòkò yẹn. Na gèlè yẹn sí mi."

Pẹ́ńsùlù na gèlè náà sí wọn. Ó wá jáde lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bàbá rẹ̀ ń gé aṣọ lọ́wọ́.

"Bàbá, ẹ má mú wọn lọ. Mo ti mọ̀ tipẹ́ pé wọn kò ríran. Wọ́n sọ fún mi irú ìkòkò tí mo máa rà, ọ̀kan sì wà níbẹ̀ ní iye kan náà. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ ni. Mo sì gbóòórùn ẹ̀wà yẹn kí ó tó jóná, n kò dìde."

Sísọ́ọ̀sì dúró sáàárín aṣọ. Bàbá gbé e, ó sì gbé e jìnnà sí ara rẹ̀, bí ẹni tí kò fọkàn tán ọwọ́ ara rẹ̀.

"Torí kí ni?"

"Torí yàrá."

"Torí yàrá." Ó tún un sọ bí ẹni tó ń tọ́ nǹkan kíkan wò. "Bí ẹ̀wà yẹn bá dà sí wọn láyà ńkọ́? Ìwọ lò bá máa gbé inú yàrá náà, tí wàá máa kàwé?"

"Ẹ ṣe mí bí ẹ bá ṣe fẹ́, Bàbá. Ṣùgbọ́n ìkòkò yẹn ló lé wọn lọ, kì í ṣe ojú wọn."

"Ìkòkò kọ́," ni Bàbá dáhùn. "Ìwọ ni."

Kò nà án. Ó bá a wí lọ́nà tó dùn ún ju ẹgba lọ. Ìyá Àgbà kò lọ mọ́, Ìyá Àgbà nìkan ni yóò sì máa gbé inú yàrá náà. Pẹ́ńsùlù kó ìwé rẹ̀ àti ẹní rẹ̀ lọ sí ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ, sáàárín àkísà àti abẹ́rẹ́, títí ìdánwò yóò fi parí. Bí ó bá ti iléèwé dé, yóò kọ́kọ́ dúró ní ilé ìdáná, kó jẹ́ ojú fún Ìyá Àgbà, kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kan nǹkan kan àfi tí wọ́n bá ní kó fọwọ́ kàn án. Àkókò ìwé tó ń wá tẹ́lẹ̀ wá dín sí i.

Nígbà tí ọwọ́ Ìyá Àgbà san díẹ̀, àwọn méjèèjì jọ lọ sí ìsọ̀ ìkòkò. Ọkùnrin náà rí ọlọ́wọ́ gígùn náà lọ́wọ́ Pẹ́ńsùlù, ó sì gbọn orí.

"Èyí tí ẹ ti fọ́ ìdérí ẹ̀? N kò gbà á pa dà o."

"Ta ló ní kí o gbà á?" ni Ìyá Àgbà wí. "Ọmọ yìí ló fi hàn ọ́ kí o lè mọ èyí tí a kò fẹ́." Wọ́n sì na ọwọ́ sórí tábìlì.

"Màmá, ẹ rọra. Ẹ kọ́kọ́ fojú wò ó ná."

Ìyá Àgbà gbé ojú sókè. Wọn kò tíì sọ ọ́ fún àlejò kankan rí. "Ojú mi kò ríran. Ọwọ́ mi ni mo fi ń wo nǹkan. Ṣé kí n wò ó, àbí kí n lọ sí ìsọ̀ kejì?"

Ọkùnrin náà sọ ẹsẹ̀ rẹ̀ kalẹ̀. Ó dìde, ó fa àga rẹ̀ fún wọn, ó sì ń gbé ìkòkò lé wọn lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n tẹ ìdí, wọ́n fa etí, wọ́n mi ìdérí. Wọ́n mú èyí tó rí bí eérú.

"Màmá, ariwo ìdérí yẹn á lé yín jáde nílé."

"Ẹni tó fẹ́ lé mi jáde nílé ló dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi yìí. Kò rí i ṣe."

Pẹ́ńsùlù wo ilẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé etí títì, Ìyá Àgbà na ọwọ́ tí kò jóná sí Pẹ́ńsùlù. "Dì mí mú."

Wọ́n rìn díẹ̀. "Ìyá Àgbà, ṣé ẹ ti dárí jì mí?"

"Rárá. Mo ń bá Ọlọ́run sọ ọ́. Ìwọ náà bá a sọ ọ́. Ṣé kòtò kò sí níwájú?"

"Kò sí, Ìyá Àgbà."

"Mo gbà ọ́ gbọ́. Kì í ṣe torí pé o yẹ lẹ́ni tí à ń gbà gbọ́. Ìwọ lo ríran, èmi kò ríran. Ta ni kí n gbà gbọ́?"

Pẹ́ńsùlù di ọwọ́ náà mú ṣinṣin, omi sì ń dà lójú rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń sọdá títì.

Ọ̀dọ́ tó ń ka ìtàn yìí, ó dájú pé o mọ ibi tí ó ti ń dun ẹnìkan nínú ilé yín. O mọ ohun tí wọn kò lè ṣe, tí wọn kò sì fẹ́ kí ayé gbọ́. Má ṣe rò pé ìmọ̀ náà jẹ́ ohun ìjà tí o rí he. Ọlọ́run ló fi ẹni náà sí ọ lọ́wọ́. Bí inú tilẹ̀ ń bí ọ sí i, bí ó tilẹ̀ ń bú ọ láàárọ̀ àti lálẹ́, dì í mú kí ó má ṣubú.